Bọ́ńpà Ọkọ̀ Bàbá

Àràárọ̀ ni Ìyá Kúróòmù ń kí àbúrò ọkọ rẹ̀, àràárọ̀ náà ló sì ń kí i bí ẹni tó ń tutọ́. Odidi ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti jọ ń lo ọgbà iṣẹ́ kan ṣoṣo, wọn ò sì fẹ́ rí ara wọn sójú. Apá ọ̀tún ni ti obìnrin náà: táńkì mẹ́rin tí ásíìdì ń rùn nínú wọn, àti kẹ̀kẹ́ aṣọ tó ń yí fìrì tó fi ń nu irin. Apá òsì ni ti ọkùnrin náà: yàrá tóóró tó ti ń fọ́n páúdà sára irin, àti ààrò oníná kan tó ga ju ènìyàn lọ, níbi tí páúdà ti ń yọ́ di ọ̀dà. Iṣẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń dù.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti ń nu irin. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ọkọ á ri irin bọ inú bàbà, á rì í bọ inú níkẹ́lì, á wá fi kúróòmù tó ń dán bí dígí kádìí rẹ̀. Ìyàwó ló ń nù ún láàárín, títí yóò fi máa rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí àbùkù tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ bá wà lára irin, kúróòmù á kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ka páúdà sí iṣẹ́ ọ̀lẹ.

"Ẹ lọ kun àtíkè fún irin yín lọ́hùn-ún," ló máa ń wí fún oníbàárà, á sì pariwo rẹ̀ dáadáa kí ará òdì kejì lè gbọ́.

Ará òdì kejì náà ò yadi. "Ẹ bá mi bi ìyàwó wa léèrè, ṣé èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá ò tíì dógùn-ún?"

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ìyá Kúróòmù bí, òun ni bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún. Ọmọ náà ti rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ọkọ̀ yìí ló sì fẹ́ máa wà lọ sẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì, kúróòmù bọ́ńpà iwájú nìkan ló ti ń bó lábẹ́. Wọ́n tú u, wọ́n gbé e sórí tábìlì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró yí i ká.

"Páúdà dúdú," ni àbúrò ọkọ wí. "Òkúta ojú ọ̀nà ò lè ha á bọ̀rọ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ fi dígí ṣe?"

"Ẹ lọ fọ́n páúdà yín sára géètì," ni Ìyá Kúróòmù dá a lóhùn. "Ọwọ́ ọkọ mi ló wà lára èyí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni kó tó di ọkọ yín."

Ọmọ gbé ọwọ́ sókè láàárín wọn. "Páúdà ni mo fẹ́."

"Kí lo wí?"

"Màmá, ọdún méjì ni Bàbá fi wúkọ́. Dókítà sọ fún wa pé òórùn táńkì yẹn ló ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. N ò fẹ́ kí ẹ tẹrí bò ó nítorí tèmi."

Ìfẹ́ ni ọmọ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyá ò gbọ́ ìfẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu àbúrò ọkọ rẹ̀ ló rí.

Ọkùnrin náà gbé bọ́ńpà kúrò lórí tábìlì. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ bá ẹ̀gbọ́n mi ṣe irin yìí. Kí n tó gbé e wọná, ṣé ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí n mọ̀?"

Ká má purọ́, ìbéèrè ọmọlúwàbí ni. Ohun kan sì wà. Igun òsì bọ́ńpà náà ti wó wọnú rí, ó sì lu, wíwó tí òòlù ò lè tún ṣe tán. Ọkọ rẹ̀ yọ́ òjé kún ihò náà, ó fi fáìlì fá a, ó da bàbà bò ó, ìyàwó sì nù ún títí ojú kankan ò fi lè mọ̀. Kí páúdà tó jinná tán nínú ààrò, òjé á ti di omi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ òjé nìkan ló rántí. Ìdí tí òjé fi débẹ̀, ìbínú ti gbé e mì.

"Irin ni irin," ló wí. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ ìgbàlódé."

Ó fẹ́ kí ojú ti ọkùnrin náà níwájú ọmọ, kí iṣẹ́ padà sọ́wọ́ òun. Kò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà fi iyanrìn ha kúróòmù kúrò. Lẹ́yìn iyanrìn, àwọ̀ eérú kan náà ni òjé àti irin máa ń ní, kò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọ́n páúdà, ó gbé e sínú ààrò, ó ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, nínú ibẹ̀. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, omi funfun ń ṣàn jáde láti inú dúdú náà sílẹ̀ ààrò, ihò ńlá sì la ẹnu sílẹ̀ ní igun òsì.

"Iṣẹ́ ìgbàlódé dà?" ni Ìyá Kúróòmù pariwo. "Ẹ̀yin onípáúdà, ẹ̀yin náà dà?"

Ọmọ ló sún mọ́ irin náà, ó sì wò ó pẹ́.

"Òpó géètì ló ṣe èyí," ló wí. "Ibi tí mo fi gbá òpó nígbà tí mo ń kọ́ ọkọ̀ nìyí. Bàbá ní àwọn ti ju bọ́ńpà yẹn nù, pé àwọn ti rí òmíràn. Wọ́n ní kí n yé sunkún, pé n ò ba nǹkan kan jẹ́." Ó yíjú. "Bàbá kékeré, ṣé ẹ mọ̀?"

"N ò mọ̀. Mo bi màmá ẹ."

"Màmá?"

Ìyá Kúróòmù wá irọ́ kan, kò rí i. "Èmi ni mo nù ún," ló wí. "Bàbá ẹ ní kí n má sọ fún ẹ láéláé."

Ó na ọwọ́ sí bọ́ńpà náà, iná rẹ̀ lé e padà. "Màá yọ́ òjé mìíràn sí i. Òjé wà nílẹ̀. Bí mo bá nù ún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ti Bàbá kọ́ nìyẹn máa jẹ́, Màmá," ni ọmọ wí, ó sì ní kí àbúrò bàbá rẹ̀ fọ́n páúdà mìíràn sí i bẹ́ẹ̀, tòun ti ihò.