Ọtí Ọsàn Wẹ́wẹ́ Àbúrò Ọkọ Mi

Mo rántí òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tó máa ń gba gbogbo ilé wa l'Ágége ní ọ̀sán Sátidé, lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo wọlé ọkọ. Èmi kọ́ ni mo ń gé ọsàn náà, àbúrò ọkọ mi obìnrin ni. Òtẹ́ẹ̀lì kan n'Íkẹjà ló ti ń po ọtí fún àwọn àlejò, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ wa títí yóò fi rí yàrá tirẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti wà nínú ẹbí kí n tó dé, àǹtí ni mò ń pè é, òun náà a sì máa pè mí ní ìyàwó wa.

Ọtí náà kò ní wàhálà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife, á da ṣúgà sí i, á rò ó títí ṣúgà á fi yọ́, kó tó bu rọ́ọ̀mù, ọtí tí wọ́n ń fi ìrèké ṣe, lé e. Á wá da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò pẹ̀lú yìnyín, á dé e pa, á sì máa mì í títí ara ìgò á fi máa làágùn. Ọkọ mi á fà á mu díẹ̀, á dijú. "Àbúrò mi, ọwọ́ ẹ kò ní rọ." Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì á fi èdè Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìgbà èwe wọn, wọn á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Èmi ọmọ Èkìtì á jókòó tì wọ́n, n kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ tí mo fi gbogbo òwúrọ̀ sè, "Ó dáa" lásán ni ọkọ mi máa ń sọ nípa rẹ̀.

Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Èmi ti rù tán kí n tó mọ̀ pé owú ló ń jẹ mí.

Ní Sátidé kan tí àǹtí wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ní èmi náà á ṣe é. Èmi tí mò ń wọn ṣúgà níléeṣẹ́ bisikíìtì n'Ílúpéjú, ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ṣúgà? Rọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ dà, mo da ṣúgà lé e, mo sì fún ọsàn náà tèèpo-tèèpo. Ọkọ mi mu ún, mo gbọ́ bí ṣúgà ṣe ń dún léyín rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa." Ó gbé ife sílẹ̀. "Ìgbà wo ni àbúrò mi ń dé?"

Inú bí mi. Mo ní, "Kí àbúrò yín wá ilé tirẹ̀ lọ. Ilé ọkọ ni mo wá, n kò wá ilé ọtí."

Àṣé àǹtí ti dé ẹnu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti rí yàrá. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó pè mí sí kíṣìnì, ó gé ọsàn kan.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí ṣúgà kọ́kọ́ yọ́. Bí ọtí bá ṣáájú, kò ní yọ́ dáadáa. Ẹ má sì fún èèpo mọ́ ọn, òun ló ń korò. Bọ̀dá mi fẹ́ kó kan díẹ̀."

Ó yẹ kí n ní kó má lọ. Ẹrù rẹ̀ ni mo bá a gbé dé ẹnu ọ̀nà.

Mo mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Ọkọ mi ní ó dùn bíi ti àbúrò òun gan-an, ṣùgbọ́n kò dijú, kò sì sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe ọtí ni mò ń jowú. Ìgbà èwe tí n kò sí níbẹ̀ ni.

Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀, ó sì gbà. Ó máa ń wá kí wa lásìkò ọdún, ṣùgbọ́n kì í sùn lọ́dọ̀ wa mọ́. Bí ó bá pe ọkọ mi lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ mi á gbé fóònù jáde sí bákónì, èmi á sì dín rédíò kù kí n lè gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Owú náà kò tíì kúrò tán, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kó gbẹnu mi sọ̀rọ̀ mọ́.