Ohun Tí Adènà Rántí

Bí ẹ bá dé ilé ìyá yìí lójijì, ẹ ó rò pé sójà ló ń gbé ibẹ̀. Bàtà kì í kọjá ẹnu ọ̀nà, ti ọ̀tún ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló rọ̀ sára ògiri, èyí tó tóbi jù ló ṣáájú. Bí ọkọ rẹ̀ bá da mílíìkì sínú ife kó tó bu omi gbígbóná sí i, á wò ó bí ẹni tó fẹ́ ta ilé bàbá rẹ̀. Ọkọ náà ló sọ ọ́ ní Ìyá Létòlétò, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti gbàgbé èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ.

Ẹ má dá a lẹ́jọ́, iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó ń tún bọ́ọ̀dù, pátákó tí iná ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ṣe, ní sọ́ọ̀bù kan tó ní fèrèsé mẹ́ta àti tábìlì márùn-ún. Lára irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, áísì kan, ègé dúdú pẹlẹbẹ kan, wà tí kò tóbi ju èékánná lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa to iná lọ. Nítorí kì í ṣe iná kan ṣoṣo ló ń wọ bọ́ọ̀dù. Wọ́n lè tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ńlá àti kékeré, olúkúlùkù ló sì ní àsìkò tirẹ̀. Bí ńlá bá já wọlé kí kékeré tó dé, áísì àgbà tó jẹ́ ọpọlọ bọ́ọ̀dù á jóná, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ilé kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe áísì kékeré náà ní adènà. Òun ló ń sọ pé, "Ìwọ, máa wọlé. Ìwọ, dúró ná."

Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gbọọrọ kan tó ń fi okùn bàtà so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Bọ̀dá Awò ló ń pè é, torí ìyàwó ilé kò jẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ. Bọ̀dá Awò ló mú un wọ sọ́ọ̀bù náà nígbà tó ṣì ń fi irin gbígbóná jó ìka ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó kọ́ ọ ní ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kì í yé tẹnu mọ́: "Ìyàwó, ohun tí o kò bá tíì pa kí o tún un tàn, o kò tíì dán an wò."

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ilé ìwòsàn àwọn ọmọ kó bọ́ọ̀dù méjì wá. Inú àpótí tí wọ́n ń tẹ́ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé sí, kí ara wọn lè móoru, ni wọ́n ti yọ wọ́n. Ọpọlọ wọn ti bàjẹ́, iléeṣẹ́ kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́, ni Bọ̀dá Awò bá lẹ irú mìíràn mọ́ wọn. Ó wá ku kí Ìyá Létòlétò kọ́ adènà méjèèjì ní ètò tuntun tí ọpọlọ tuntun ń fẹ́. Ó kọ́ wọn. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ni bọ́ọ̀dù méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì rẹ̀, wọn kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ̀dá Awò ní kí òun yẹ̀ wọ́n wò nígbà ìkẹyìn. Ó tan ọ̀kan. Pàù! Ọpọlọ jó, adènà náà jó mọ́ ọn, kò ṣẹ́ ku ohun tí èèyàn lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀gá sọ́ọ̀bù ní ṣe ni Bọ̀dá Awò so wáyà pupa síbi tí dúdú ń lọ, pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Bọ̀dá Awò kò lè búra pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n yíjú sí Ìyá Létòlétò, òun náà ní, "Ọ̀gá, tèmi ti parí látàná. Ó dá mi lójú." Ọ̀rọ̀ yẹn ló parí ẹjọ́. Kò tó oṣù kan tí Bọ̀dá Awò fi kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀dù kejì ni wọ́n jù sínú páálí, wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Láti ìgbà náà, inú ìsọ̀ kékeré kan ni Bọ̀dá Awò ti ń tún tọ́ọ̀ṣì, rédíò àti fáànù ṣe. Ìwà kan sì wọ̀ ọ́ lára níbẹ̀: bó bá tún nǹkan ṣe tán, kì í tàn án. Ẹni tó ni ín ló máa ń nà án sí. "Ẹ tàn án fúnra yín, kí ọkàn yín lè balẹ̀." Àwọn oníbàárà ní ẹ rí olóòótọ́ èèyàn. Àwọn ẹbí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá Létòlétò náà sì ti bá wọn rẹ́rìn-ín rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni nọ́ọ̀sì àgbà láti ilé ìwòsàn yẹn pè. Àpótí wọn kan ti kú, ọmọ méjì ló sì ń pín ẹyọ kan. Ìyá Létòlétò rántí páálí orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó nu eruku rẹ̀, ó fa okùn láti inú kọ̀ǹpútà, ó fi kan adènà. Iná inú okùn náà kò tó jí bọ́ọ̀dù, adènà nìkan ló tó jí.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ibi méjì ni adènà ń fi ọ̀rọ̀ sí. Ọ̀kan dà bí ohun tí a sọ síni létí: á tẹ̀ lé e kíákíá, ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ, ó ti gbàgbé. Èkejì dà bí ohun tí a kọ sínú ìwé. Kí ọ̀rọ̀ tó lè dé inú ìwé yẹn, ó di dandan kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì ìfipamọ́ lórí kọ̀ǹpútà, adènà á sì máa ka iye ìgbà tí wọ́n ti kọ nǹkan sínú rẹ̀.

Ètò àtijọ́ ló rí nínú ìwé yẹn, kì í ṣe tuntun. Ó rò pé ojú òun ni. Ó wo iye ìgbà. Ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn sì ni ti iléeṣẹ́ tó ṣe é. Òun kò kọ ohunkóhun sínú ìwé adènà yìí rí, ọjọ́ kan náà, ìjókòó kan náà, ló sì kọ́ ọ pẹ̀lú èyí tó jó.

Ó jókòó. Ọ̀sán ọjọ́ náà wá padà sí i lọ́kàn: fóònù láti iléèwé, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn tí apá rẹ̀ kán, bó ṣe sáré jáde tí bọ́ọ̀dù méjèèjì ṣì ń tàn lórí tábìlì. Ẹni tó ń ti sọ́ọ̀bù ló pa iná nírọ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe, adènà méjèèjì sì gbàgbé ètò tuntun. Kò purọ́ fún ọ̀gá lọ́jọ́ náà. Ọkàn rẹ̀ ló ti sọ ohun tó fẹ́ ṣe di ohun tó ti ṣe. Ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ó ronú nípa rẹ̀. Bó bá tẹ ìfipamọ́ nísinsìnyí, ọ̀kan á di méjì, bọ́ọ̀dù á yá, àwọn ọmọ á rí ibi sùn, ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà láyé á sì parẹ́. Ọ̀gá ń fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé Ìyá Létòlétò ni ipò rẹ̀ kàn. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Ó gbé e kúrò. Ó fi fóònù ya àwòrán ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Èmi ni, kì í ṣe Bọ̀dá." Lẹ́yìn náà ló kó bọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà àti okùn sínú báàgì, ó jáde. Bàtà òsì ló kọ́kọ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà, kò tiẹ̀ mọ̀.

Bọ̀dá Awò ń na rédíò sí bàbá kan nígbà tó dé ìsọ̀ náà. "Ẹ tàn án fúnra yín," ló ń wí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pa Ìyá Létòlétò lẹ́rìn-ín rárá.

"Ìyàwó! Kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

Ó kúnlẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí àtẹ, ó fi okùn so ó mọ́ bọ́ọ̀dù, ó ní, "Bọ̀dá mi, bọ́ọ̀dù kejì ọjọ́ náà nìyí, àwọn ọmọ ń dúró dè é ní ilé ìwòsàn. Ẹ bá mi ka nọ́ńbà yìí."

Bọ̀dá Awò gbé awò sójú. Ó ka ètò náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó wo nọ́ńbà.

"Ọ̀kan," ló wí.

"Ọ̀kan ni, sà. Mi ò tẹ ìfipamọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bọ̀dá Awò yọ awò náà, ó ń fi ẹ̀wù nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

"Àárọ̀ ọjọ́ yẹn," ó ní, "mo ti tò ó lọ́kàn mi ní àìmọye ìgbà. Mo di pupa mú, mo di dúdú mú. Ọdún márùn-ún, Ìyàwó. Mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í. Mo wá gbà pé ọwọ́ mi yìí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́."

Omijé bọ́ lójú Ìyá Létòlétò, kò nù ún.

"Dìde," ni Bọ̀dá Awò wí. "Má wulẹ̀ sọ fún wọn níbi iṣẹ́. Ìwọ ṣì ń tọ́mọ."

"Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá kí n tó kúrò níbẹ̀, sà."

Bọ̀dá Awò mi orí. Inú bí i, a kò ní purọ́. Ó yíjú sí ògiri. Nígbà tó yíjú padà, ó fa àga, ó ní, "Àwọn ọmọ ń dúró. Jókòó, ṣe é."

Ìyá Létòlétò kọ ètò tuntun: kékeré kọ́kọ́, àárín tẹ̀ lé e, ńlá kẹ́yìn. Ó tẹ ìfipamọ́ lójú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ọ̀kan di méjì. Ó yọ okùn, ó fa wáyà pupa àti dúdú láti ara bátìrì orí àtẹ, ó so wọ́n mọ́ bọ́ọ̀dù, ó sì na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

"Fi sílẹ̀," ni Bọ̀dá Awò wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sí i. Ó wo pupa, ó wo dúdú, ó tún pupa wò. Ó tẹ̀ ẹ́. Iná wẹẹrẹ mẹ́ta tàn lára bọ́ọ̀dù náà, èkejì tẹ̀ lé àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé èkejì. Ó pa á. Ó tún un tàn. Ìyá Létòlétò kò kà á, ṣùgbọ́n ó ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ.

Wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí obìnrin kan fi dé láti gba tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó na ọwọ́ kó tàn án fúnra rẹ̀, bó ṣe mọ̀ pé wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ni Bọ̀dá Awò wí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì náà, ó pa á, ó tún un tàn, ó sì nà án sí i bó ṣe ń tàn lọ́wọ́.