Àáró Tí Ara Mi Kọ̀

Ebè kejìlá ni mò ń kọ lóko Ìdòwú ní Orun-Èkìtì nígbà tí apá mi kọ̀, tí kò gbé ọkọ́ mọ́. Kò dùn mí. Okun ló tán pátápátá. Ibà tó ṣe mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ti lọ, mo rò pé ìyókù rẹ̀ ni. Mo jókòó sábẹ́ igi kòkó, mi ò sì lè dá dìde.

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe àáró: bí a bá kọ ebè ẹnì kan tán, a ó kọjá sóko ẹlòmíràn. Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún náà. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìdòwú, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, wá bá mi nílé. "Uṣu tìrẹ ti wà nínú ebè. Ó wá kan uṣẹ́ tiwa, ara rẹ kọ̀. Ùwọ náà wò ó." Ojú tì mí, mo tẹ̀ lé e. Mo kọ ogún ebè, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì dùbúlẹ̀. Ìyàwó mi ló ń fà mí dé ilé ìwẹ̀.

Ní ọsibítù kan ní Ìkẹ́rẹ́, a jókòó lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀.

"Kò sí nǹkan tó ṣe yín, Bàbá," ni dókítà wí.

Ìyàwó mi dúpẹ́. Èmi ń sunkún. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé dókítà ní ara mi le. Mo wá di ọ̀lẹ tó ní ẹ̀rí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ni dókítà mìíràn tó dárúkọ rẹ̀: àárẹ̀ tí kì í lọ. Oorun kì í wò ó. Bí ẹ bá fi tipá ṣiṣẹ́ lónìí, ara á gbẹ̀san lọ́la tàbí lọ́túnla. Àyẹ̀wò kì í fi í hàn, kò sì sí oògùn tó ń lé e lọ. Kẹ́ ẹ dúró kó tó rẹ̀ yín ni ọgbọ́n tó wà. Mo sọ fún Ìdòwú, ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́ta ṣe àáró, wọn ò pè mí. Ó dùn mí ju àìsàn lọ. Mo bá gba oko Ìdòwú lọ fúnra mi, ebè márùn-ún láàárọ̀, mo jókòó, mo padà sílé. Bí ara bá kọ̀, n ò lọ. Báyìí ni mo ṣe san tirẹ̀ tán.

Ó wo ebè tó kẹ́yìn. "Mo ṣáà sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́."

Mi ò tíì dárí jì í. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yìí, tó ń ṣe ìba tó lè ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi, tí kò bi mí rí bóyá òótọ́ ni.