Àgbálùmọ̀ Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìròyìn ọ̀dá ni mo ti ń kọ láti àárọ̀: òjò kò tó, ẹ̀pà kò ṣe dáadáa, àwọn àgbẹ̀ ń ráhùn. Ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́ Banjul ni, àwọn àgbà àdúgbò wa, Jollof Town, ṣì ń pè é ní Bathurst. Omi tútù àti ẹní ni mo ń fẹ́. Àmọ́ bí mo ṣe wọ agbo ilé, mo bá Àlàájì lẹ́yìn balùwẹ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì.

Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ni Àlàájì, àwo tánńganran ló ń tà lọ́jà. Èmi àti tọkọtaya náà la jọ háyà yàrá lọ́wọ́ ìyá àgbà kan. Àkú ni ìyá náà, lára àwọn tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ wa dé Freetown kí wọ́n tó dé ibí. Èdè Àkú rẹ̀ kò ṣòro fún wa mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá akọ̀ròyìn, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́," ni ìyàwó Àlàájì wí. "Ó fẹ́ pa ọmọ mi!"

"Ọmọ" náà kò ga ju orúnkún lọ. Àgbálùmọ̀ ni. Obìnrin yìí ló gbé díẹ̀ bọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú nígbà tó lọ sílé. Gbogbo wa la jókòó tí a mu ún, tí a ń tu kóró síbi tó bá wù wá. Omi balùwẹ̀ ló jí ọ̀kan.

"Ta ló gbìn ín?" ni Àlàájì ń bi í.

"Ta ló ń gbin àgbálùmọ̀? Lórí òkè wa nílé, ẹ rí ẹni tó gbìn ín rí? Ọ̀bọ á mu ún, á tu kóró. Àwa náà á gun òkè, á rẹ̀ wá, a á jókòó, a á mu tiwa, a á tu kóró. Ibi tí ẹ bá ti rí igi mẹ́rin lójú kan, ibi ìsinmi ni."

"Ọ̀bọ kì í san owó ilé," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè fún àlejò nílẹ̀ kó gbin iṣu, kó gbin àgbàdo. Ọjọ́ tó bá gbin igi eléso, ìjà dé. Wọ́n á ní ilẹ̀ ló ń wá."

Òótọ́ ló sọ, bẹ́ẹ̀ ni nílé. Ìyàwó rẹ̀ kò gbà. "Ọyẹ́ bá dé, ẹnu mi á máa retí oje àgbálùmọ̀. Mo bá dé ọjà, solom ni wọ́n ń tà, àwin lásán. Màǹgó, ó dìgbà òjò. Ẹ jẹ́ kó wà."

Kí ọkàn tirẹ̀ lè balẹ̀, Àlàájì fi àdá sílẹ̀, ó wọ agbádá, ó mú obì, ó ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá onílé.

"Màmá, a kò gbìn ín. Ilẹ̀ yín kọ́ là ń wá. A ò ní wá a láéláé."

Ìyá wò wá títí. "Ilẹ̀ wo?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àdán ló ń gbin nǹkan sí ọgbà yìí. Ta ló ń bi àdán léèrè?"

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá jẹun ọ̀sán, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò wá ilẹ̀," ló wí, "kí ló dé tó ń búra?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ fún Àlàájì pé bí oṣù bá parí, kó wá yàrá lọ sí Serrekunda lẹ́yìn ìlú.

Ọ̀rọ̀ tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni, àwa la gbé e síbẹ̀. Oyún ìyàwó Àlàájì ti ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ìtòsí ọjà ni ìrọ̀rùn kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ìrọ̀lẹ́ lórí ìrọ̀lẹ́ la ń lọ bẹ ọmọkùnrin náà. Mo máa ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti sú ìyá onílé náà. "Èmi ò lè máa bá ọmọ mi jà lọ́jọ́ ogbó," ló ń wí.

Àlàájì ló rí ọ̀nà nígbẹ̀yìn. "Ẹni tó gbin igi ló ni ín, àbí? Ó dáa. Kí Ọ̀gá, ọmọ Màmá, hú u fọwọ́ ara wọn, kí wọ́n tún un gbìn síwájú ilé Màmá. Tiwọn ni."

Ìyá pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin náà ní òun gbà.

Ìyàwó Àlàájì nìkan ló sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ wà á jìn o. Igi òkè ni. Ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń wá."

Ọmọkùnrin náà ká ṣòkòtò ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó wa ilẹ̀ díẹ̀, ó fà á. A gbọ́ ọ nígbà tí gbòǹgbò já. Ó gbé igi sínú kòtò tuntun, ó fẹsẹ̀ tẹ yanrìn mọ́ ọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá," ni Àlàájì wí. "Igi yín á so o." Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Serrekunda parí síbẹ̀.

Ewé rẹ̀ kò pẹ́ pọ́n, ó sì re tán. Síbẹ̀, ìyàwó Àlàájì ń gbé omi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń jáde lọ síbi iṣẹ́, mo bá a nídìí rẹ̀. Ọmọ ìyá onílé ń kọjá.

"Ọ̀gá, òùngbẹ ń gbẹ igi yín o."

"Igi wo?" ló wí, kò dúró.

Obìnrin náà wò mí. "Ẹ gbọ́ ọ, bọ̀ọ̀dá? Onígi ti gbàgbé igi. Ilé la rí gbé, ọpẹ́ ni." Ó da omi tó kù sídìí ọ̀pá gbígbẹ náà, ó fọwọ́ kan ti ìbàdí, ó ń rọra padà lọ sí yàrá.