Ewúrẹ́ Inú Kásẹ́ẹ̀tì Mi

Ewúrẹ́ tó ba orin mi jẹ́ ti dá mi láre lónìí o!

Ní 1996, èmi àtàwọn ọmọ mi gba orin ọmọdé sílẹ̀ ní pálọ̀ wa ní Ìwó. Bí mo ṣe kọ "Omi kì í buni jẹ, ọmọ mi, jẹ́ n wẹ̀ fún ọ" tán, ewúrẹ́ ìyá onílé yọjú ní fèrèsé, ó ní "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la ní. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Alákásẹ́ẹ̀tì tí mo gbé e lọ bá pé kó bá mi tà á bú sẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ta ló fẹ́ ra igbe ewúrẹ́?"

Èmi fúnra mi ni mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí mo sì kiri tà á, títí dé Olúpọ̀nnà.

Láàárọ̀ yìí, aládùúgbò mi tuntun ń wẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Orin wo ló ń kọ? "Omi kì í buni jẹ!" Nígbà tó débẹ̀, òun àtọmọ jọ ké: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Mo ní, "Ìyá Ràṣídà, ewúrẹ́ wo nìyẹn?"

"Hàá, Mọ̀mí, ó wà nínú orin náà ni! Bí ìyá mi ṣe ń kọ ọ́ fún mi ní Olúpọ̀nnà nìyẹn. Tí ẹ bá yọ ewúrẹ́ kúrò, ọmọ ò ní gbà kí ẹ da omi lé òun lórí."

Alákásẹ́ẹ̀tì, níbi yòówù kí ẹ wà, ṣé ẹ gbọ́?

Ẹ̀yin tí wọ́n fi orin yẹn wẹ̀ fún, ẹ ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" nísàlẹ̀ ibí, kí n mọ àwọn ọmọ mi.