Ọjọ́ Tó Kẹ́yìn Nínú Oṣù Mẹ́fà

Láti oṣù karùn-ún tí Arlys Tvedt ti pé ọmọ ọdún márùnlélọ́gọ́ta ni adójútòfò ìlera ti ìjọba ti ń bá a san ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó dókítà. Ìdá kan tó kù, ọrùn rẹ̀ ló wà, àfi tó bá ra adójútòfò àfikún. Oṣù mẹ́fà péré ni òfin fún un tí ilé iṣẹ́ kankan ò fi ní bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n lè bi í, wọ́n sì lè ní àwọn ò ṣe.

Òní ni oṣù mẹ́fà náà pé. Aago mẹ́ta ti kọjá, yìnyín ti ń bọ́ sórí gbogbo oko Iowa, aago márùn-ún sì ni Glenda Kopecky tó ń ta adójútòfò máa ń ti ọ́fíìsì rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Arlys fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé, kò ṣìnà rí. Lónìí, ìwé ètò méjì ló tẹ́ sórí tábìlì ilé, kò mọ èyí tí òun máa mú. Glenda ti ṣàlàyé fún un pé lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe ètò àfikún kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan náà, àǹfààní kan náà ni ní gbogbo ilé iṣẹ́, iye owó nìkan ló yàtọ̀. Owó oṣooṣù ètò G wọ́n, ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ẹ̀. Ètò N dínwó, àmọ́ ìgbàkigbà téèyàn bá rí dókítà, yóò san díẹ̀ lé e.

Orrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, jókòó ti kọfí rẹ̀. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ti ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ìbẹ̀rù làwọn èèyàn yẹn ń tà, kó mú èyí tí wọ́n ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n tí kò gba sẹ́ǹtì kan lóṣù. Arlys fèsì pé àwọn dókítà tiwọn nìkan nìyẹn gbà, dókítà ọkàn tó wà ní Rochester ò sí lára wọn.

"Dókítà ọkàn kẹ̀? Kí lo fẹ́ fi dókítà ọkàn ṣe?"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Arlys wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òòyì ti kọ́ mi. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, orí àkàsọ̀ ni mo wà. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan."

Ó ń retí ìbáwí. Orrin rọra gbé ife kalẹ̀.

"Èmi náà jẹ́ kí oṣù mẹ́fà tèmi kọjá," ni ó wí. "Mo rò pé ara mi le. Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà dé, ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni mo lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ̀ mí. Oko Bàbá tí mo sọ pé torí ó sú mi ni mo ṣe tà á, irọ́ ni. Ìtọ́jú ẹsẹ̀ mi ló gbé e lọ."

Orrin dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Arlys ní òun ni awakọ̀. Orrin ní ẹni tí òòyì ń kọ́ kì í wakọ̀ lórí yìnyín.

Wọ́n dé orí afárá, ọkọ̀ akẹ́rù kan ti yọ̀, ó sì dábùú ọ̀nà. Wọ́n jókòó títí di aago márùn-ún ku ogún. Lójijì Orrin yí ọkọ̀ padà, ó gba ọ̀nà tí kò lọ́dà tó gba inú oko kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ fẹ́ yọ̀ wọ kòtò. Arlys di ilẹ̀kùn mú.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà nígbà tí wọ́n wọlé. Glenda ti wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó tún bọ́ ọ, ó sì jókòó. Kò béèrè nǹkan kan nípa ọkàn. Arlys mú G, ó sì fọwọ́ sí i.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn kékeré kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn Arlys ní Rochester. Nígbà tí ìwé owó dé, Orrin ló kọ́kọ́ ṣí i. Ó kà á lórí ìdúró, ó tún un kà, ó sì fún àbúrò rẹ̀. Owó tó lè gbé oko lọ ni, àmọ́ ìjọba àti ètò G ti san án, díẹ̀ péré ló kù fún Arlys. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ kó yìnyín ẹnu ọ̀nà, ó sì pẹ́ gan-an kó tó wọlé.