Àpò Aṣọ Tó Mọ́

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń jáwọ́ nínú sìgá, ẹ má wulẹ̀ lọ bá dókítà. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ wa, kí ẹ béèrè Bàbá Afínjú. Dókítà kàn gbọ́ nípa rẹ̀ ni. Bàbá Afínjú ti ṣe é láìmọye ìgbà. Ó jáwọ́ lọ́jọ́ tó gbéyàwó. Ó jáwọ́ lọ́jọ́ tí ìyàwó náà bímọ. Ọdún tuntun kankan ò wọlé kó má jáwọ́, débi pé bí ọdún bá ti ń parí lọ, àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á ti máa wá nǹkan tá a máa fi di etí. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàjámọ̀ kú, tí wọ́n ní ikọ́ sìgá ló pa á, Bàbá Afínjú búra lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàárè pé òun àti sìgá, ó di gbére. Bí a ṣe ń ti ibẹ̀ bọ̀, ó ní kí awakọ̀ dúró díẹ̀. Ó ní ìbànújẹ́ ti pọ̀ jù lọ́kàn òun, òun fẹ́ fi ẹyọ kan péré tu ara òun nínú.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́tìnì. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà, níbi tí mo ti ń rán ohun tó ya, tí mo sì ń dá bọ́tìnì tó já padà sáyè rẹ̀. Bàbá Afínjú ló ni ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀wù funfun tó bá kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀, eṣinṣin á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó bà lé e. Aṣọ ọrùn tirẹ̀ náà kì í hunjọ, kọ́là rẹ̀ á dúró gan-an. Ibi kọ́là yẹn ni ìmọ́tótó parí sí. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ààrò, irùngbọ̀n rẹ̀ ti pọ́n, ìka méjì tó fi ń di sìgá mú kò sì jọ ìyókù mọ́. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní ooru áyọ́ọ̀nù ni. Áyọ́ọ̀nù wo ló ń mu tábà?

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tó jẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ wá. Kò sí aṣọ tó máa wọ omi kí á má tíì yẹ àpò rẹ̀ wò. Ohunkóhun tá a bá bá níbẹ̀, inú ọ̀rá kékeré kan là ń kó o sí, a ó fi pínnì há a mọ́ hángà, ẹni tó ni ín á sì bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wá gba aṣọ. A ti dá òrùka padà. A ti dá eyín àtọwọ́dá padà. A ti dá lẹ́tà kan padà fún ọkùnrin kan níṣojú ìyàwó rẹ̀, kò sì tíì kí wa láti ìgbà náà. "Kò sóhun tó ń bọ́ mọ́ Bàbá Afínjú lọ́wọ́," làwọn èèyàn máa ń wí. Inú rẹ̀ á dùn, á tú èéfín jáde nímú.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà pẹ́ kó tó rí ọmọ bí, nígbà tó sì máa bí i, oṣù rẹ̀ kò pé. Ọmọ jòjòló náà kéré, mímí rẹ̀ ń ṣe hìn-ìn hìn-ìn bí ẹni tó sáré dé. Dókítà kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé amusìgá kankan ò gbọdọ̀ gbé e, pé òórùn tó wà lára àti lára aṣọ lásán tó láti há ọmọ náà láyà. Ló bá wá bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó dúró ti kọ́ńtà.

"Bàbá mi, ẹ ò ní gbé ọmọ mi o. Kì í ṣe ìjà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jáwọ́ lóòótọ́, màá gbé e wá síbí, màá sì fi lé yín lọ́wọ́."

"Mo ti jáwọ́ lánàá," ni Bàbá Afínjú fèsì.

"Kì í ṣe ẹnu yín ni mo ti máa gbọ́ ọ." Ó yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ wọn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní wọ́n ti fi í sílẹ̀, ọjọ́ náà ni mò ń bọ̀."

Bí mo ṣe di ọlọ́pàá nìyẹn.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá tiwa, ẹ̀yìn fèrèsé ló wà. Orí ọmọ ń wọ́, òun ń juwọ́ sí i. Mo tẹ̀ lé e lọ sílé ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó dúró síta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti gíláàsì, ìyá ọmọ sì gbé ọmọ sókè sí i láti inú yàrá. Ọmọ náà yán, òun náà lanu. Àánú rẹ̀ ṣe mí. A ò tíì kúrò ládùúgbò yẹn tó fi tan sìgá, inú sì bí mi ju bí àánú rẹ̀ ṣe ṣe mí lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá ti wọlé, á na apá méjèèjì, èmi á yẹ àpò rẹ̀ wò bí a ti ń ṣe sí aṣọ tó dọ̀tí. "Ọlọ́pàá, ṣé ẹ ti rí olè mú?" Mi ò rí nǹkan kan. Ó ń lá súìtì. Ó ń jẹ síngọ́ọ̀mù títí párì rẹ̀ fi ń dùn ún. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára aṣọ, ó fi há ẹnu bíi sìgá, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ó sì ń bínú sí mi pé kí ló dé tí ṣọ́ọ̀kì mi korò. Ó bá áyọ́ọ̀nù jà. Ó bá ooru jà. Ó wá di oníwàásù: obìnrin kan tó mú aṣọ ibùsùn wá, tí kò fẹnu kan sìgá rí láyé rẹ̀, Bàbá Afínjú mú un dúró, ó ń bẹ̀ ẹ́ nítorí Ọlọ́run pé kó jáwọ́.

Lójijì ni ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń kí mi ní ìkíni àárọ̀, ohun tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ó tún di ẹni tó ń lọ sí yàrá ẹ̀yìn lọ gbọn eruku kúrò lára àwọn aṣọ tí àwọn oníbàárà gbàgbé, á sì jáde níbẹ̀ pẹ̀lú òórùn káńfọ̀ àti súìtì. Ó yẹ kí n fura. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ṣùgbọ́n èmi ti gbọ́ òórùn káńfọ̀, mo pè é ní ìmọ́tótó. Mo ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé kó máa gbé ọmọ bọ̀. Orúkọ mi ni mo fi dúró.

Ohun tí mi ò mọ̀ rèé. Nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn, kóòtù dúdú kan wà tó jẹ́ ti ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ti pẹ́ tí a ti fọ̀ ọ́, tí a ti lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ikùn ọ̀gá ti yọ ju kóòtù lọ, kò sì wá gbà á. Àpò kóòtù yẹn ni Bàbá Afínjú sọ di ilé sìgá rẹ̀. Aṣọ tó dọ̀tí là ń yẹ àpò rẹ̀ wò. Èyí tó ti mọ́, ta ló tún ń tọwọ́ bọ̀ ọ́? Òun ló ṣe òfin náà, ó mọ ibi tó ti ń jò.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ ń bọ̀, Bàbá Afínjú wá sí ṣọ́ọ̀bù wá ṣe "eruku" rẹ̀, ó tún padà sílé lọ wẹ̀ lọ́tun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé dé. Ó ní ẹ̀fọ́ nìkan lòun ń fún ọkọ òun jẹ láti ọjọ́ yìí, ikùn náà ti wọlé, òun wá gba kóòtù. Ó ní ọkọ òun fẹ́ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ láàárọ̀ náà gan-an. Mo kí i, mo gbé kóòtù fún un, ó lọ.

Nígbà tí Bàbá Afínjú padà dé nínú ẹ̀wù funfun gbòò, yàrá ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ wọ̀. Ó jáde kíá.

"Ìyá Bọ́tìnì, kóòtù ọ̀gá ilé-ìwé dà?"

"Ìyàwó rẹ̀ ti gbé e lọ."

"Gbé e lọ síbo?"

"Ilé ọkọ rẹ̀ ni. Ibo lèèyàn tún ń gbé kóòtù ọkọ ẹni lọ?"

Ó jókòó sórí agbada ìfọṣọ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan, pé òun kàn fẹ́ tún kọ́là òun lọ̀ ni. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ti wọlé pẹ̀lú ọmọ jòjòló lọ́wọ́.

Ó kí mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ojú fi ń tì mí. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ bá bàbá rẹ̀, ó gbé ọmọ náà lé e lápá. Bàbá Afínjú dúró bí igi. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó jí èémí náà gbé. Mo rò pé ayọ̀ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Ìgbà yẹn la gbọ́ ariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé ló ń bọ̀ tagbáratagbára, ó gbá kóòtù mú lọ́wọ́ kan, ó di apá ọkọ rẹ̀ mú lọ́wọ́ kejì. Ọkọ náà, tó jẹ́ pé gbogbo àárọ̀ ló ń wàásù fún àwọn ọmọ ilé-ìwé nípa sìgá, òógùn ti bò ó. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ò ju báyìí lọ: ó dìde níwájú àwọn òbí, ó ń sọ̀rọ̀ lórí ewu sìgá, òógùn mú un, ó tọwọ́ bọ àpò kóòtù láti fa áńkáṣíìfù yọ. Páálí sìgá ló fà jáde.

"Mi ò mu ún rí láyé mi!" ni ọ̀gá ń wí. "Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ló ti bá a wá!"

"Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ wo?" ni ìyàwó rẹ̀ kígbe, ó ju páálí náà sórí kọ́ńtà. "Ọ̀dọ̀ Bàbá yìí, tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kì í bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́? Bàbá Afínjú, ẹ̀yin lẹ máa dá ẹjọ́ yìí. Ṣé nǹkan wà nínú kóòtù yìí nígbà tó kúrò níbí?"

Gbogbo wa yíjú sí Bàbá Afínjú. Bó bá ní kò sí nǹkan, ó tán nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló máa gbà á gbọ́, torí aṣọ rẹ̀ funfun, orúkọ rẹ̀ náà funfun. Ọ̀gá ilé-ìwé á máa ru ẹrù ẹlẹ́rù kiri, ọmọ á sì wà níbi tó wà. Bàbá Afínjú wo ọ̀gá. Ó wo ọmọ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ bá ọmọbìnrin rẹ̀.

"Gba ọmọ rẹ," ló wí.

Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ló tó yíjú padà. "Ọkọ yín ò mọ nǹkan kan. Sìgá yẹn, tèmi ni. Mo mu ẹyọ kan láàárọ̀ yìí."

Ọmọ rẹ̀ kò bá a jà. Ó gbé ọmọ sítòsí imú, ó gbóòórùn aṣọ rẹ̀, ó bọ́ aṣọ náà kúrò lára ọmọ, ó fi ìborùn tirẹ̀ dì í. Ó wo èmi tí mo fi orúkọ mi dúró. Ó sì jáde lọ. Àwọn àgbà tó ní èéfín ni ìwà, pé bó pẹ́ bó yá á rú síta, wọn ò sọ bó ṣe máa ń ta ojú ẹni tó bá wà nítòsí.

Ṣé ẹ rò pé ọ̀gá ilé-ìwé dúpẹ́? Ó gbéra ga, ó parí ọ̀rọ̀ tí kò lè parí lọ́dọ̀ àwọn òbí sí wa lórí. Irú àgbà wo nìyí! Irú àpẹẹrẹ wo nìyí! Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, wọ́n jọ jáde. Kò pẹ́, òun nìkan padà wá. Ó ní òun gbàgbé fìlà. Fìlà náà wà lórí rẹ̀.

"Bàbá," ló rọra wí, "páálí yẹn ńkọ́? Kò dáa kí irú ẹ̀ máa wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ nù."

Bàbá Afínjú nawọ́ sí agbada kejì tó kún fómi, ibi tó ju páálí náà sí. Páálí náà ti tú sínú omi ọṣẹ, àwọn sìgá ń léfòó. Ọ̀gá wò wọ́n bí ẹni tó dé bá òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Afínjú ò kéde nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó húkọ́, ó gbọ̀n, ó jó ẹ̀wù oníbàárà kan, ó sì sanwó rẹ̀. Ní àràárọ̀ á wò mí, á ní, "Ìyá Bọ́tìnì, ó wù mí o." Èmi á ní, "Ẹ jẹ́ kó máa wù yín." A ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò lọ sẹ́yìn fèrèsé ọmọ rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ún, torí pé mo rí i tó ń lọ àwọn aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́ tí oníbàárà kan kó wá, tó ń lọ̀ wọ́n lálọ̀túnlọ̀.

Ojú ọjọ́ ti yí padà nígbà tí ọmọ rẹ̀ tún wá. Ọrùn ọmọ jòjòló náà ti le, ó ń wò kiri. Ìyá rẹ̀ dúró ti kọ́ńtà.

"Àǹtí, ṣé wọ́n ti fi í sílẹ̀?"

"Má bi mí," ni mo wí. "Mo fi orúkọ mi dúró lẹ́ẹ̀kan, inú àpò kóòtù ni wọ́n ti dá a padà fún mi. Àwọn ló wà níwájú ẹ yẹn. Bi wọ́n."

Ó yíjú sí i. "Bàbá mi, ṣé ẹ ti jáwọ́?"

Bàbá Afínjú gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Mo ń retí àsọtúnsọ rẹ̀ àtijọ́, pé ó ti tán, pé ó di gbére.

"Mi ò tíì mu láti ọjọ́ yẹn," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó wù mí láàárọ̀ yìí. Ó ń wù mí bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò mọ ti ọ̀la."

Ọmọ rẹ̀ wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó yí kọ́ńtà po, ó bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó na ọmọ sí i.

"Dúró ná," ni Bàbá Afínjú wí. Ẹ̀wù rẹ̀ funfun gbòò, òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́, òun ló lọ̀ ọ́. Ó fa àpò àyà ẹ̀wù náà jáde, ó fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì jáde, ó jẹ́ kí wọ́n máa fì níta níṣojú gbogbo wa. Ìgbà náà ló tó na ọwọ́.